MIT, Apache, GPL àbí AGPL: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ fi ìwé àṣẹ olómìnira sórí ètò tó kọ

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé MIT ni kí n fi sí i ni àbí GPL?"

Àbúrò kan tí a jọ ń lo ọ́fíìsì kan náà ní Sábó, Yaba, ló bi mí ní ìbéèrè yìí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lábẹ́ fèrèsé wa. Orúkọ ìwé àṣẹ ni MIT àti GPL, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ètò fi ń sọ ohun tí ẹlòmíràn lè fi ètò náà ṣe. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ètò kọ̀ǹpútà kan tó ṣe fún àwọn alájọ ọjà Òyìngbò: ẹni tó dá, iye tó dá, ọjọ́ tó dá a, àti ìgbà tí yóò kó o. Ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kí ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe, ó sì fẹ́ gbé e sórí GitHub, ibi tí àwọn tó ń kọ ètò ń kó kóòdù wọn sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó tó wọ danfo lọ sílé. Mo ní kó sinmi ná. Èmi náà ti fi ìṣẹ́jú méjì yan ìwé àṣẹ rí, ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ṣì ń dùn mí di òní.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ dá padà fún un rèé, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí bi ara yín: bí ẹ bá bá iṣẹ́ yín lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní ọdún márùn-ún sí i, kí ni ẹ kò ní fẹ́ kó ti ṣe sí i? Ẹni tó bá ti mọ ìdáhùn tirẹ̀, ìwé àṣẹ tó bá a mu kò ní fara pa mọ́ fún un.

Bí ẹ kò bá fi nǹkan kan sí i

Ọ̀pọ̀ wa rò pé kóòdù tó bá ti wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti di ti gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ilẹ̀ Nàìjíríà, ìyẹn Copyright Act 2022 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, abẹ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni wọ́n ka ètò kọ̀ǹpútà sí, bí wọ́n ṣe ka ìwé ìtàn. Ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, láì jẹ́ pé ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan, yóò sì máa bá a lọ títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́.

Nítorí náà, kóòdù tí kò ní ìwé àṣẹ, a lè kà á, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dà á kọ, láti tún un ṣe, tàbí láti pín in fún ẹlòmíràn. Ẹni tó mọ òfin á yẹra fún un. Ẹni tí kò bìkítà fún òfin á gbé e lọ. Olóòótọ́ nìkan lẹ lé sẹ́yìn.

Ìwé àṣẹ olómìnira ló ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Òmìnira mẹ́rin ló ń fún ẹni tó bá gba ètò yín: láti lò ó fún ohunkóhun, láti wo inú rẹ̀ kó sì tún un ṣe, láti pín ẹ̀dà rẹ̀, àti láti pín èyí tó ti tún ṣe. Richard Stallman, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ GNU ní Amẹ́ríkà ní 1983 tó sì dá Free Software Foundation sílẹ̀ ní 1985, ló fi èyí lélẹ̀. Ní tòótọ́, èdè tiwa ti yanjú ohun tó ń da àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì láàmú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "free", ni wọ́n ní fún ọ̀fẹ́ àti fún òmìnira, wọ́n sì ti ń ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún ara wọn láti ọdún tó ti pẹ́. Òmìnira là ń sọ níhìn-ín. Owó kò sí nínú ohun tí a kọ̀: gbogbo ìwé àṣẹ tí mo fẹ́ fi wéra yìí ló gbà kí ẹ ta ètò náà.

MIT lẹ́gbẹ̀ẹ́ GPL

Ibí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, torí àwọn méjì yìí ni òpó. Gbogbo àwọn yòókù fi ara ti ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi télọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Bí télọ̀ bá wọn ènìyàn tán, yóò gé bébà sí ìwọ̀n ẹni náà kí àlùmọ́gàjí tó kan aṣọ. Ẹni tó ní bébà yẹn lọ́wọ́ lè rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ títí ayé, ó lè fẹ̀ ẹ́, ó lè sún un. Ẹni tó ní aṣọ nìkan, àfi kó tú u kó tó mọ bí wọ́n ṣe gé e. Kóòdù tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni bébà. Ètò tí oníbàárà ń tẹ̀ lórí fóònù rẹ̀ ni aṣọ.

MIT ní: ẹ gba bébà yìí, ẹ gé aṣọ tó wù yín, ẹ tà á ní iye tó wù yín. Kí ẹ ṣáà má yọ orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí kúrò. Bí aṣọ náà bá fún yín jù, ẹ má mú mi sí i. Ó tán. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò tó 200.

GPL ní: ẹ gba bébà, ẹ gé e, ẹ tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá fún ní aṣọ, bébà tọ́ sí òun náà, títí kan ibi tí ẹ̀yin fúnra yín tún gé, irú òmìnira tí mo fún yín ni kí ẹ sì fún un. Àwọn ènìyàn máa ń ṣi èyí gbọ́. Wọ́n rò pé ẹni tó bá fọwọ́ kan GPL gbọ́dọ̀ gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ síta fún aráyé. Rárá o. Ẹni tí ẹ fún ní ètò lẹ jẹ ní gbèsè kóòdù. Bí ẹ bá tún un ṣe tí ẹ sì ń lò ó nínú ilé iṣẹ́ yín nìkan, kò sẹ́ni tí yóò bi yín léèrè.

Mo kọ ètò kan nígbà kan fún àwọn tó ń ta aṣọ ní Balógun, kí wọ́n máa fi kọ gbèsè oníbàárà wọn. MIT ni mo fi sí i, nítorí òun ni mo rí lára ọ̀pọ̀ ètò tí èmi náà ń lò. Kò pé ọdún kan tí ilé iṣẹ́ kan fi mú un, wọ́n pa kóòdù rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ń gba owó oṣooṣù lórí rẹ̀. Wọn kò rú òfin. Orúkọ mi wà nínú rẹ̀ níbi tí ìwé àṣẹ ní kó wà. Ohun tó dùn mí ni pé ètò mi ní àléébù kan: bí iná bá lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sínú fáìlì, ìwé gbèsè á bàjẹ́. Wọ́n rí àléébù yẹn, wọ́n tún un ṣe nínú tiwọn, wọn kò sì dá àtúnṣe náà padà. Ìyá kan tó ń ta léèsì pè mí lórí fóònù: "Ọmọ mi, ti àwọn wọ̀nyẹn kì í bàjẹ́ mọ́. Kí ló dé tí tìrẹ ṣì ń ba ìwé mi jẹ́?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ojútùú tó ti wà nílẹ̀ níbòmíràn, nínú kóòdù tí èmi gan-an bẹ̀rẹ̀. Ká ní GPL ni mo lò ni, oníbàárà wọn kan ṣoṣo ì bá bèèrè kóòdù náà lọ́wọ́ wọn, ì bá sì fi ránṣẹ́ sí mi, ìyá wa ì bá sì ti bọ́ nínú wàhálà.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jù mí lọ fíìfíì. Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam, ló kọ MINIX, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ìwé àṣẹ BSD tí í ṣe ọmọ ìyá MIT ló sì wà lórí rẹ̀. Ní 2017 ló kọ lẹ́tà ìta gbangba sí ilé iṣẹ́ Intel, lẹ́yìn tó gbọ́ pé wọ́n ti fi MINIX òun sínú ẹ̀yà kékeré (chip) tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà kárí ayé. Wọn kò sọ fún un. Ó ní òfin kò mú wọn láti sọ, ọmọlúàbí nìkan ni ì bá jẹ́ kí wọ́n sọ, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ náà tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́kàn òun pé ìwé àṣẹ BSD ló ń fúnni ní òmìnira tó pọ̀ jù. Ẹni tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn látọkàn wá, MIT tàbí BSD ló bá a mu, kó fi sí i kó sì sùn. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbà á, kó má tan ara rẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì. Ní 2003, àwọn ènìyàn rí i pé Linux, òun náà ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló wà nínú ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì WRT54G ti ilé iṣẹ́ Linksys, GPL ẹ̀dà 2 ló sì wà lórí Linux. Wọ́n bèèrè kóòdù. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ilé iṣẹ́ náà fi gbé kóòdù náà síta. Láti inú kóòdù yẹn ni OpenWrt ti hù, ètò tí àwọn ènìyàn ń fi sórí oríṣiríṣi ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní. Bébà tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì rán aṣọ tí ilé iṣẹ́ náà kò ronú kàn.

Mo ní láti sọ rere MIT náà. Mo ní ètò kékeré kan tó ń yọ àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ẹni tó tẹ "oko" nínú àpótí ìwákiri lè rí "ọkọ", "ọkọ́" àti "ọkọ̀". Kò ju igba ìlà lọ. Ohun tí mo ń fẹ́ fún un ni kó wọ ibi gbogbo: sọ́fítíwià báǹkì, áàpù ìwé ìròyìn, àti ti ìjọba, títí kan àwọn tí kò ní gbé kóòdù wọn síta láéláé. Bí wọ́n bá mú un, Yorùbá ni yóò jèrè. GPL ì bá dí i lọ́nà. Free Software Foundation gan-an, tó kọ GPL, ní bí ètò kò bá tó 300 ìlà, kò fi bẹ́ẹ̀ yẹ ní dídáàbò bò báyẹn, wọ́n sì dámọ̀ràn Apache 2.0 fún un.

MIT lẹ́gbẹ̀ẹ́ Apache 2.0

Bí ẹ bá ti gbà pé kí ẹnikẹ́ni lè pa kóòdù yín mọ́, ó ku kí ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí. Ìyàtọ̀ tó ṣe kókó ni pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹni tó hùmọ̀ ohun tuntun kí ẹlòmíràn má lò ó láì gba àṣẹ rẹ̀. MIT kò mẹ́nu bà á rárá. Apache 2.0, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2004, là á mọ́lẹ̀ pé gbogbo ẹni tó bá fi kóòdù sínú iṣẹ́ náà ti yọ̀ǹda pátẹ́ǹtì tirẹ̀ tó kan kóòdù yẹn fún àwọn olùlò. Bí olùlò kan bá wá gbé ẹjọ́ pátẹ́ǹtì dìde lórí iṣẹ́ náà, ìyọ̀ǹda tirẹ̀ ti dópin.

Ẹ lè ní, kí ló kan wá pẹ̀lú pátẹ́ǹtì ní Yaba? Ó kàn wá bí ètò yín bá máa rékọjá omi. Facebook fi ìwé àṣẹ kan tó ní ọ̀rọ̀ pátẹ́ǹtì tirẹ̀ sórí React, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì. Apache Foundation, àjọ tó ni ìwé àṣẹ Apache, kọ̀ ọ́ ní 2017, ariwo sọ, nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún náà Facebook yí i padà sí MIT. Ilé iṣẹ́ ńlá ní lọ́yà tó ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ gba iṣẹ́ yín láì ṣiyèméjì, tí kóòdù yín sì pọ̀, Apache ni kí ẹ mú. Òun ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú Android, àti lórí Kubernetes, ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń darí ètò wọn lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà.

Apache ní iṣẹ́ díẹ̀ tó pọ̀ ju ti MIT: ẹni tó bá yí fáìlì padà gbọ́dọ̀ sọ pé òun yí i, bí fáìlì tí wọ́n ń pè ní NOTICE bá sì wà níbẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ètò náà rìn. Ẹ tún rántí pé a lè da kóòdù Apache 2.0 pọ̀ mọ́ ètò tó wà lábẹ́ GPL ẹ̀dà 3, kò sì ṣe é dà pọ̀ mọ́ èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀dà 2 nìkan. Èyí ti ba iṣẹ́ àwọn kan jẹ́ nígbà tí wọ́n ti ṣe é dé ìdajì.

BSD oníkókó méjì kò yàtọ̀ sí MIT ní nǹkan tó ṣe pàtàkì. Oníkókó mẹ́ta fi kún un pé ẹ kò gbọdọ̀ fi orúkọ ẹni tó kọ ọ́ polówó ọjà yín láì gba àṣẹ.

GPL lẹ́gbẹ̀ẹ́ AGPL

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi gan-an bọ́ sí ibí yìí. Lórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí àwọn ènìyàn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni ètò àjọ tirẹ̀ wà. Àwọn alájọ ń ṣí i nínú fóònù wọn, kò sẹ́ni tó gbà á sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀. Mo ti ní ẹni tí ẹ fún ní ètò lẹ jẹ ní gbèsè kóòdù lábẹ́ GPL. Ẹni tó fi ètò sórí sáfà ara rẹ̀ tó ní káwọn ènìyàn wá lò ó, kò fún ẹnikẹ́ni ní ètò. Ó ń bá wọn rán aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni, ilẹ̀kùn tì. Ó lè mú GPL yín, kó tún un ṣe tán porogodo, kó máa gba owó lórí rẹ̀, kí bébà má sì jáde láéláé.

AGPL ẹ̀dà 3, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, dí ihò yẹn. Bákan náà ni òun àti GPL ẹ̀dà 3 rí, àfi gbólóhùn kan tó wà ní ìpín 13: bí ẹ bá yí ètò náà padà tí àwọn ènìyàn sì ń lò ó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n rí ọ̀nà gba kóòdù èyí tí ẹ yí padà yẹn, níbi tí ojú wọn yóò ti tó o.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àjọ pàápàá jù lọ. Wọ́n máa ń ní orí ẹnìkan pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, tó ń gba owó àjọ lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn láì kọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tó sì ń dá ti oníkálukú padà láì ṣì í. Ìwé ìṣirò rẹ̀ wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wọ inú orí yẹn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, ìwà rẹ̀ nìkan ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, ìwà náà sì tó wọn. Ètò àjọ tó wà lórí sáfà ẹnìkan láì sí kóòdù níta rí bákan náà: inú orí ẹnìkan ni gbogbo ìṣirò wà. Àwọn ìyá Òyìngbò kò ní ka kóòdù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ wọn tó wà ní UNILAG lè kà á. Ó lè rí i bóyá wọ́n ń yọ ọgọ́rùn-ún náírà níbì kan tí wọn kò sọ.

AGPL ní ohun tó ń ná ènìyàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kan kì í fẹ́ rí i sójú. Google kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbangba pé wọn kò gbọdọ̀ lo kóòdù AGPL nínú iṣẹ́ wọn. Bí ohun tí ẹ ń wá bá jẹ́ kí irú wọn gba ètò yín, ọ̀nà yẹn ti dí. Ní tèmi, ohun tí a kọ fún alájọ kò nílò Google.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ẹni tó fẹ́ owó pẹ̀lú òmìnira. Ẹ̀yin tí ẹ ni kóòdù lè fi AGPL tàbí GPL fún gbogbo ayé, kí ẹ sì ta ìwé àṣẹ mìíràn fún ilé iṣẹ́ tí kò fẹ́ ṣí tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni MySQL, ètò tí a fi ń tọ́jú dátà, ṣe ń ṣe é. Ó ṣeé ṣe níwọ̀n ìgbà tí gbogbo kóòdù náà bá jẹ́ tiyín. Bí ogún ènìyàn bá ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí yín, àwọn náà ti di onílé.

Àwọn tó wà láàárín

LGPL wà fún ètò tí àwọn ètò mìíràn ń lò gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́: irinṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, ètò tó ń lò ó lè wà ní títì. MPL 2.0, ti Firefox àti LibreOffice, fi fáìlì ṣe ààlà: fáìlì yín àti àtúnṣe tó bá kàn án yóò wà ní ṣíṣí, fáìlì tuntun tí ẹlòmíràn kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀. Bí mo bá tún ìwé gbèsè Balógun yẹn kọ gẹ́gẹ́ bí irinṣẹ́ fún àwọn ètò mìíràn, MPL ni n óò fi sí i. Àtúnṣe tó kan iná tó ń lọ yẹn, inú fáìlì mi ló wà, ì bá padà sọ́dọ̀ mi.

Lórí ẹ̀dà GPL, ẹ mú ẹ̀dà 3 àyàfi tí ètò yín bá gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀dà 2 nìkan, irú bí Linux. Ẹ̀dà 2, ti 1991, kò láàánú: ẹni tó bá rú u pàdánù àṣẹ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀dà 3, ti 2007, gbà fún ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣẹ̀ láti tún un ṣe láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n bá ta á lólobó, àṣẹ rẹ̀ á sì padà bọ̀ sípò. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń rú ìwé àṣẹ, àìmọ̀ ló fà á.

Ohun tí mo ní kó má fi kún un

Àbúrò mi fẹ́ kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ètò yìí ṣe yahoo." Mo mọ ohun tó ń ká a lára, èmi náà kórìíra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀daràn kì í ka ìwé àṣẹ, òfin ọ̀daràn sì ti wà fún un. Gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń yọ òmìnira àkọ́kọ́ kúrò, ètò náà kò sì ní jẹ́ olómìnira mọ́. Ìwé àṣẹ kan wà rí lórí ètò kan tó ń jẹ́ JSON, tó ní kí a fi ṣe rere, kí a má fi ṣe ibi. Ohun tó dára ni lójú, síbẹ̀ Debian, àwọn tó ń kó ètò olómìnira jọ fún aráyé, kọ̀ ọ́, nítorí ta ni yóò sọ ohun tó jẹ́ ibi?

Bákan náà ni "kì í ṣe fún òwò". Òwò ni àjọ. Bí ẹ bá ní kí wọ́n má fi ṣòwò, alájọ tí ẹ tìtorí rẹ̀ kọ ètò ni ẹ kọ́kọ́ lé dànù.

Ẹ má sì lo Creative Commons fún kóòdù. Àwọn tó ni ín gan-an ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dára fún ìwé àlàyé, àwòrán àti ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Fún fọ́ǹtì, SIL Open Font License ni.

Fífi í sórí iṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ̀yin lẹ ni kóòdù náà. Ẹ ka lẹ́tà tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ó lè wà níbẹ̀ pé ohunkóhun tí ẹ bá kọ, ti ilé iṣẹ́ ni, kódà èyí tí ẹ kọ lóru pẹ̀lú dátà ara yín. Bí iṣẹ́ bá pa yín pọ̀ pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ jọ fẹnu kò. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn irinṣẹ́ tí ẹ lò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wà lábẹ́ GPL, MIT nìkan kò ní tó fún àpapọ̀ ètò náà tí ẹ bá fẹ́ pín in.

Ẹ gbé odindi ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ náà sínú fáìlì kan tí ẹ pè ní LICENSE tàbí COPYING, kí ẹ fi í síbi tí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà wà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì ni kí ẹ fi í sí bó ṣe wà, ẹ má túmọ̀ rẹ̀, ẹ má yọ gbólóhùn kankan. Àlàyé lédè Yorùbá lè wà nínú README, fáìlì tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà, mo sì gbà yín níyànjú láti kọ ọ́. Ní orí fáìlì kóòdù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọdún àti orúkọ yín, kí ẹ sì fi ìlà kan tó ń dárúkọ ìwé àṣẹ náà, bí irú èyí, tẹ̀lé e:

SPDX-License-Identifier: AGPL-3.0-or-later

Ìlà yẹn ṣe pàtàkì torí fáìlì máa ń rìn kúrò nílé. Ẹnìkan á mú fáìlì kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yín, fáìlì LICENSE á sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn. "Or-later" yẹn túmọ̀ sí pé ẹni tó bá gbà á lè lo ẹ̀dà tuntun bó bá jáde. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, "only" ni kí ẹ kọ. Fún MIT àti Apache kò sí èyí láti rò. Ní ìparí ọ̀rọ̀ GPL fúnra rẹ̀, àlàyé wà lórí bí a ṣe ń fi í sórí ètò tuntun. Ẹ kà á. Fún AGPL, ẹ ṣe bọ́tìnì kan sínú ètò náà tí yóò gbé olùlò lọ síbi tí kóòdù wà, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín ti bá ọ̀nà nílẹ̀.

Ẹ ronú dáadáa kí ẹlòmíràn tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kóòdù ránṣẹ́. Nígbà tí àwọn tó kọ VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò, fẹ́ gbé apá kan ètò wọn kúrò ní GPL lọ sí LGPL ní nǹkan bí ọdún 2011 sí 2012, wọ́n ní láti wá àwọn tó ti kọ kóòdù sí i rí lọ́kọ̀ọ̀kan láti gba ohùn wọn, wọ́n sì lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yin nìkan ni òní, ẹ lè yí i padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ohun tí ẹ bá sì ti fún ẹnìkan lábẹ́ MIT, ẹ kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tó ń bọ̀ lọ́wọ́ nìkan lẹ lè yí.

Àbúrò mi kò gbé ètò rẹ̀ síta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó lọ sí Òyìngbò ní ọjọ́ Sátidé, ó bi alájọ mẹ́ta léèrè ohun tí wọn kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé wọn ṣe. Gbogbo wọn ló ní ohun kan náà: kí ẹnikẹ́ni má máa ṣírò owó àwọn níbi tí àwọn kò ti lè rí i. Ní ọjọ́ Ajé, ó fi AGPL sí ètò tó wà lórí sáfà, ó yọ apá tó ń ka ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ àjọ jáde lọ́tọ̀, ó sì fi MIT sórí ìyẹn kí ẹnikẹ́ni lè mú un lọ. Bọ́tìnì tó ń gbé ènìyàn lọ síbi kóòdù wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, ohun tó kọ sí i ni: "Wo bí a ṣe ṣírò owó rẹ."